Ta Ló Ní Obìnrin Wa Kò Lọ Sógun?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọkùnrin máa ń sọ nídìí tábìlì àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Jakande Estate, ní Ìsọlọ̀, tí kì í bá mi lára mu. Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ogun, yálà ogun Hítílà ni o, tàbí ogun abẹ́lé wa ti 1967 sí 1970, wọn a ní, "Ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìyẹn jàre. Obìnrin wo ló lọ sógun?" Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a ṣí ìwé sí ojú ewé tí bọ́ọ̀lù wà. Lẹ́nu ìgbà tí ìwé ìtàn àròsọ kan ti Amẹ́ríkà dé, tí fíìmù kan sì tẹ̀ lé e, lórí àwọn obìnrin dúdú tó wọ aṣọ sọ́jà nígbà ogun Hítílà, ọ̀rọ̀ náà tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ohun tí wọ́n ń sọ báyìí ni pé, "Ti àwọn ará Amẹ́ríkà nìyẹn. Àwa ò ní irú ẹ̀."

Mo ní irọ́ ni. A ní irú ẹ̀. A ò kọ ọ́ ni. Ẹni tí kò ní aṣọ àti ẹni tó ní aṣọ tí kò wọ̀ ọ́, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún àwọn ará Amẹ́ríkà ní ẹ̀tọ́ wọn. Orúkọ ìwé tí mò ń wí ni *Sisters in Arms*. Kaia Alderson ló kọ ọ́, ó sì jáde ní 2021. Obìnrin méjì, Grace àti Eliza, ló gbé ìtàn náà rù. Òǹkọ̀wé ló fi ọkàn ara rẹ̀ dá àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó fi wọ́n sí kì í ṣe àròsọ. Obìnrin 855 ni wọ́n. Nọ́ńbà 6888 ni wọ́n fi ń pè wọ́n nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejì ọdún 1945 ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Méjọ̀ Charity Adams, obìnrin dúdú bíi tiwọn, ni ọ̀gá wọn.

Kí ni wọ́n lọ ṣe? Lẹ́tà ni. Àwọn lẹ́tà tí ìyá, ìyàwó àti àfẹ́sọ́nà kọ sí àwọn sọ́jà lójú ogun ti kún ilé ìkẹ́rùsí dé òrùlé, kò dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Òtútù ń mú nínú ilé náà, wọ́n ti kun fèrèsé ní dúdú nítorí ọkọ̀ òfurufú ọ̀tá, eku sì ń jẹ nínú àwọn ẹrù tí wọ́n fi àkàrà òyìnbó ránṣẹ́ sí ọmọ. Orúkọ kan náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún sọ́jà ń jẹ́. Ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ní kí o wá Táíwò kan jáde láàárín gbogbo Táíwò tó wà ní Mushin. Àwọn obìnrin náà pín ara wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, àwọn kan òwúrọ̀, àwọn kan ọ̀sán, àwọn kan òru. Wọ́n fún wọn ní oṣù mẹ́fà láti parí iṣẹ́ náà. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi parí rẹ̀.

Gbogbo èyí, inú ẹgbẹ́ ológun tó ń ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun ni wọ́n ti ṣe é. Ìgbà kan wà tí ọ̀gágun òyìnbó kan halẹ̀ mọ́ Méjọ̀ Adams pé òun máa rán ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan wá fi bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀gá hàn án. Obìnrin náà dá a lóhùn pé àfi bí onítọ̀hún bá gba orí òkú òun kọjá. Nígbà tí wọ́n padà sílé, ẹnikẹ́ni ò lu ìlù pàdé wọn. Charity Adams fúnra rẹ̀ ló jókòó kọ ìrírí rẹ̀ sínú ìwé ní 1989. Ó kú ní 2002. Ní 2022 ni ìjọba wọn tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fún ẹgbẹ́ náà ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà. Ní 2024 ni fíìmù Tyler Perry jáde. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ó ju àádọ́rin ọdún lọ kí wọ́n tó rántí wọn, ìwé ló sì ń mú iná náà jó ní gbogbo àkókò tí ìjọba fi dákẹ́.

Mo bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n ayọ̀ olójú méjì ni. Bí mo ṣe ń yọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń bèèrè pé ta ni yóò kọ ti ọmọ tiwa.

Ẹ má sọ fún mi pé àwa ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìtàn ogun. Bíyì Bándélé, tí bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà, kọ ìtàn àròsọ *Burma Boy* ní 2007 kó tó di olóògbé ní 2022. Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Ẹ̀mùrẹ̀-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, kọ bí òun ṣe fara gbọgbẹ́ nínú igbó Bọ́mà tí òun ò sì kú. Àwọn méjèèjì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ọkùnrin sì ni wọ́n kọ nípa rẹ̀. Obìnrin ńkọ́?

Ibí yìí ni àwọn ará tábìlì ìwé ìròyìn á ti dìde. "Obìnrin Yorùbá kì í jagun, ilé ló máa ń wà." Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìbàdàn. Ní ọdún 1874, Ààrẹ Látòósà yọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà kúrò lórí oyè Ìyálóde. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ sínú ìwé ìtàn rẹ̀. Èkínní, kò bá àwọn olóyè lọ sójú ogun. Èkejì, kò fi nǹkan ìjà àti oúnjẹ ránṣẹ́ sí Ààrẹ nígbà tó wà lójú ogun. Ẹ̀kẹta, kò jáde lọ pàdé Ààrẹ lẹ́yìn odi nígbà tó dé. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ tún èkínní yẹn kà. Wọ́n ní ó jẹ̀bi nítorí pé kò lọ sógun! Ṣé wọ́n máa ń fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kan ẹni tí ogun ò kàn?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Abẹ́òkúta. Ní oṣù kẹta ọdún 1851, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ya lu ìlú náà. Obìnrin wà lára wọn tí ń fi ìbọn àti idà jà, Ẹ̀gbá sì mọ̀ pé kì í ṣe eré. Ẹ̀gbá lé wọn padà. Wọ́n tún wá ní 1864, Ẹ̀gbá tún lé wọn. Ta ló wà lára àwọn tó ń wá ìbọn àti ẹ̀tù fún Ẹ̀gbá? Madam Tinúbú, tí wọ́n fi jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Àwọn tó ń bọ̀ wá jà, obìnrin wà níbẹ̀. Àwọn tó gbà wá sílẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀. Lónìí, ère obìnrin jagunjagun kan tó ga tó mítà 30 dúró ní Kútọnu láti 2022. Àwọn ará Bìní tó wà lẹ́nu ibodè wa ti gbé tiwọn sókè. Àwa ń bi ara wa léèrè pé obìnrin wo ló lọ sógun.

"Àtijọ́ nìyẹn," ni wọn ó wí. "Ogun Hítílà là ń sọ." Ó dáa, mo gbọ́.

Nígbà tí Jámánì ń rọ̀jò bọ́ǹbù lé Lọ́ńdọ̀nù lórí, ọmọ ọba Ẹ̀gbá kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì. Adénrelé Adémọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọmọ Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n kò sọ, ọmọ bàbá kan náà ni òun àti Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá tó di olórí àwọn adájọ́ Nàìjíríà lẹ́yìn náà. Ó ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1935. Ọsibítù Guy's ló ti kọ́ṣẹ́, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn nọ́ọ̀sì ní 1941. Ìjọba òyìnbó rí i pé yóò wúlò, wọ́n ya fíìmù rẹ̀, wọ́n pè é ní *Nurse Ademola*, wọ́n ń fi hàn káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kí àwọn ènìyàn lè máa ti ogun náà lẹ́yìn. Ẹ wá mọ ibi tí fíìmù náà wà lónìí? Ó ti sọnù. Wọn ò rí ẹ̀dà rẹ̀ kan mọ́.

Ẹnìkan á ní nọ́ọ̀sì kì í ṣe sọ́jà. Òótọ́ ni, kò gbé ìbọn. Ṣùgbọ́n àwọn 855 tí à ń pàtẹ́wọ́ fún yẹn, ìbọn ni wọ́n gbé ni, àbí lẹ́tà? Bí ẹni tó ń to lẹ́tà bá jagun, ẹni tó ń di ojú ọgbẹ́ lábẹ́ bọ́ǹbù jagun. Ẹni tó bọ́ ìlú nígbà tí ogun gba oúnjẹ ìlú lọ náà jagun. Àwọn àgbà ní ọkùnrin rí ejò, obìnrin pa á, kí ejò náà má ṣáà ti lọ.

Èyí ló gbé mi dé Èkó. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó, ìjọba ní 1940 pinnu láti máa gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin Èkó tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ. Àwọn obìnrin ọjà jáde ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n pọ̀ bí eéṣú. Àlímótù Pẹlẹwúrà ni olórí wọn, ará ọjà Ẹrẹ̀kọ̀, ẹni tí kò mọ̀wé kà ṣùgbọ́n tí àwọn tó mọ̀wé ń bẹ̀rù. Ìjọba gbé £50 náà sókè di £200. Lẹ́yìn èyí ni Kápútẹ́ẹ̀nì Pullen dé, òyìnbó tí wọ́n fi ṣe alábòójútó oúnjẹ. Òun ló ń dá iye tí ìyá ẹlẹ́gàárì gbọ́dọ̀ ta gàárì, iye tí kò ká iye tí wọ́n rà á lóko. Wọ́n fi owó lọ Pẹlẹwúrà kó lè bá wọn pẹ̀tù sí àwọn obìnrin nínú. Ó kọ̀ ọ́. Ìyẹn náà ò jẹ́ akọni?

Ní Abẹ́òkúta ńkọ́? Nígbà ogun náà, wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà ní iye tó wù wọ́n, nígbà mìíràn láìsanwó rárá, orúkọ Aláké ni wọ́n sì fi ń gbà á. Àwọn obìnrin náà gbé ẹjọ́ wọn lọ bá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó ti ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Ní 1946, wọ́n da ẹgbẹ́ pọ̀, ìyàwó olùkọ́ àti ìyá alátà nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ní 1947, wọ́n lọ jókòó sí ààfin Aké lórí ọ̀ràn owó-orí, wọ́n ò dìde. Ní oṣù kìíní 1949, ọba fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Ìparí 1950 ló tó padà.

Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí mo gbé kalẹ̀ yìí. Aláké kan náà ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń di ojú ọgbẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ìjọba ń fi àwòrán rẹ̀ polówó ogun. Lábẹ́ ìtẹ́ bàbá rẹ̀, wọ́n ń fi orúkọ ogun kan náà gba ìrẹsì lórí àtẹ ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà. Ṣé ọmọ náà gbọ́ nípa ìrẹsì yẹn? Ọjọ́ tí wọ́n fi fíìmù rẹ̀ hàn, ṣé obìnrin tí wọ́n gba ìrẹsì rẹ̀ wà láàárín àwọn tó ń wò ó? Kí ló wí nígbà tó rí ọmọ Aláké nínú aṣọ funfun? Ṣé ó súre ni, àbí ó ṣépè, àbí ó ṣe méjèèjì? Òpìtàn kò lè dáhùn. Òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ nìkan ló lè jókòó ti obìnrin náà títí yóò fi sọ̀rọ̀. Ìwé tí mò ń bèèrè nìyẹn. Èdè Yorùbá ni mo sì fẹ́ kí wọ́n fi kọ ọ́, nítorí èdè tí obìnrin náà fi ṣépè nìyẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan kórìíra ọ̀rọ̀ àròsọ. "Irọ́ ni wọ́n ń pa níbẹ̀. Ẹ kọ ìtàn gidi." Ẹ jọ̀wọ́, ṣé irọ́ ni Adébáyọ̀ Fálétí pa fún wa nínú *Ọmọ Olókùn Ẹṣin* ní 1969? Ẹni tó ka ìwé yẹn mọ bí àjàgà ṣe ń wúwo lọ́rùn ẹni tí wọ́n ń sìn, kò sí ìwé ilé ìjọba tó lè kọ́ni bẹ́ẹ̀. Ìwé owó-orí á sọ iye tí wọ́n gbà fún ọ. Kò ní sọ bí ẹnu ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe gbẹ.

Àwa ará Jakande Estate ló yẹ kó mọ èyí jù. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, àwọn ohun ìjà ológun bú gbàmù ní bárékè Ìkẹjà. Àwọn ènìyàn sá nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ ya wọ inú odò ẹ̀gẹ́ Òkè-Afá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí. Àwọn tó kú lọ́jọ́ náà ju ẹgbẹ̀rún lọ, obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n kọ́ ohun ìrántí sí Òkè-Afá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti lé ní ogún ọdún, ó ń gba ibẹ̀ kọjá nínú bọ́ọ̀sì, kò yíjú. Òkúta kì í sọ̀rọ̀. Bí èyí tó ṣẹlẹ̀ lójú wa bá ń di ohun tí ọmọ ń gbójú kọjá, kí la rò pé yóò ṣẹ́ kù nínú ti àwọn obìnrin 1940, tí wọn ò tilẹ̀ ní òkúta?

Mo ní ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́. Kó má da ṣúgà sí i. Nígbà tí fíìmù *The Woman King* jáde ní 2022 lórí àwọn obìnrin jagunjagun Dàhòmì, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbádùn rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì bínú, nítorí ó fẹ́ mú kí Dàhòmì dà bí ẹni tó kórìíra òwò ẹrú, nígbà tó jẹ́ pé ẹrú ni wọ́n ń wá kiri nígbà tí wọ́n ya lu ìlú Yorùbá. Akọni ni àwọn obìnrin náà. Wọ́n kó ènìyàn lẹ́rú pẹ̀lú. Ẹfúnṣetán fún àwọn jagunjagun ní nǹkan ìjà, ó sì ní ẹrú rẹpẹtẹ. Tinúbú náà ta ẹrú. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Bí ẹ bá sọ wọ́n di áńgẹ́lì, ẹ ti tún wọn pa nìyẹn. Ẹ má sì kọ ti ọmọ ọba nìkan, kí ẹ fi ìyá ẹlẹ́gàárì sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Àìsàn tó ń ṣe ìwé ìtàn wa láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn: bí obìnrin ò bá jẹ́ olorì, á jẹ́ àjẹ́.

Ó ku àwọn tó ń tẹ̀wé. Wọ́n ní ọjà ò sí, wọ́n ní bébà ti wọ́n, wọ́n ní àwọn ọmọ ò ka Yorùbá mọ́. Èmi náà mọ̀ pé bébà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí. Ní 1929 sí 1930, I. B. Thomas ń kọ ìtàn Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn *Akéde Èkó* bí ẹni pé lẹ́tà ni obìnrin kan ń kọ ránṣẹ́, díẹ̀díẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ará Èkó ń dúró de ìwé ìròyìn náà bí ẹni ń dúró de ọkọ̀. Obìnrin Èkó ló ń sọ̀rọ̀ nínú ìtàn tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìtàn àròsọ ọlọ́rọ̀ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Kí ló dé tí a ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí, kí ìyá ọlọ́jà 1940 máa bá wa sọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn àti lórí rédíò, kó tó di ìwé? Kò dìgbà tí ẹnìkan bá ní owó fíìmù Amẹ́ríkà lọ́wọ́.

Ohun tí kò ní dúró dè wá ni àkókò. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí ogun Hítílà parí ní 1945 pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 2025. Mélòó ló kù nínú wọn? Àwọn ọmọ wọn ló kù, àwọn náà ti di ìyá àgbà. Wọ́n wà nínú àwọn ilé alájà wọ̀nyí tí Láteef Jákàńdè kọ́ nígbà tó ń ṣe gómìnà, wọ́n wà ní Òṣòdì, wọ́n wà ní Mushin. Wọ́n mọ ohun tí ìyá wọn sọ nípa Pullen. Wọ́n mọ orin tí wọ́n kọ lọ sí ààfin. Bí àwọn náà bá kọjá, ìwé ilé ìjọba nìkan ló kù, ohùn òyìnbó ló sì wà nínú ìyẹn.

Ẹ sì má rò pé ti àná nìkan ni mò ń jà fún. Dókítà Adérónkẹ́ Kale di Méjọ̀ Jẹ́nẹ́rà nínú iṣẹ́ ológun ilẹ̀ wa, obìnrin àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Tolúlọpẹ́ Arótilé, ọmọ Okun láti Kogí, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa ẹlikópítà ogun fún wa, ó sì kú ní Kàdúná ní oṣù keje 2020, kò tíì pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. A sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Ọmọbìnrin tó bá fẹ́ wọ aṣọ ológun lọ́la, ti Grace àti Eliza ni yóò kà, yóò rò pé òun lẹni àkọ́kọ́ nínú ìran òun.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ mú gègé. Ẹ̀yin olùtẹ̀wé, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rù owó dín díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá àgbà nílé, ẹ bi í léèrè lálẹ́ òní, kí ẹ sì kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ọdún. Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń bèèrè obìnrin tó lọ sógun, ẹ lọ bi ìyá yín léèrè ẹni tó bọ́ bàbá yín nígbà tí ogun kó oúnjẹ ìlú lọ.